Bàámi, A Ti La Òkìtì Yín

Bàámi tó mọ̀ mí jù,

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí yín. Ìkíni wà fún ẹni tó jókòó, ó wà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, àní ẹni tó ń dirun gan-an ní ìkíni tirẹ̀. Mo wá tiyín títí, mi ò rí i. Ẹ jẹ́ kí n kàn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi.

A ti la òkìtì yèèpẹ̀ tí ẹ mọ sí etí odò. Ibi mẹ́ta la ti là á, omi sì ti wọ inú àkùrọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí ẹnikẹ́ni tó ń ti Ìlọ́fà, ìlú wa, bọ̀ lọ́dọ̀ yín tó wá ṣe òfófó. Ṣé inú ń bí yín?

Mo ṣì kéré nígbà tí odò kún tó gbé iṣu yín lọ tòun tebè. Ẹ bẹ àwọn ọ̀rẹ́ yín lọ́wẹ̀, ẹ mọ òkìtì yẹn láti ìdí ọparun títí dé ẹsẹ̀ afárá, ẹ sì na odò náà gbọnrangandan kó má ráyè yà síbì kankan mọ́. Ó gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Iṣu ò lọ mọ́. Ni gbogbo ìlú bá sọ yín ní Dádòdúró, ẹ sì fẹ́ràn orúkọ yẹn ju èyí tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún yín lọ. Níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, ọmọ Dádòdúró náà ni wọ́n ń pè mí. Mo sì ń jẹ́ ẹ.

Àṣé odò tí kò ráyè tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, eré ló máa ń sá. Lọ́dọọdún ló ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ ara rẹ̀, títí ó fi di kòtò gbun-un. Tí òjò bá rọ̀, omi á sá lọ bí olè. Tí ọyẹ́ bá dé, ìwọ̀nba díẹ̀ lá kù sábẹ́ àpáta. Kànga ń gbẹ, àwọn ẹja lọ. Ẹ rí i, àbí ẹ ò rí i? Ṣebí lẹ́yìn gbogbo òjò lẹ máa ń wọ bàtà òjò yín lọ síbẹ̀, tí ẹ máa fi gìgísẹ̀ tẹ òkìtì náà wò bóyá ó ti rọ̀, tí ẹ máa máa kọ orin sọ́ọ̀ṣì, tí ẹ máa máa ṣì í kọ. Mi ò gbọ́ kí ẹ sọ nǹkan kan rí nípa odò fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín ni àwọn àgbà ìlú àti òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ kan láti káńsù wá bá mi. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí a la òkìtì, kí a to òkúta àti ìtì igi sínú kòtò odò kí omi lè gòkè, kó padà sí ọ̀nà àtijọ́ rẹ̀, kó tún máa tẹ́ sínú àkùrọ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan iṣẹ́ olóògbé, àfi tí ọmọ rẹ̀ bá gbà, tó sì kọ́kọ́ fi ọkọ́ kàn án. Èmi nìkan lẹ sì bí.

Bàámi, mi ò tíì sunkún yín. Létí sàréè, ojú mi gbẹ. Àwọn kan rò pé ìgbàgbọ́ ni, àwọn kan rò pé ọkàn mi le. Kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ara mi kàn kú ni. Mo ń jẹun, mi ò mọ adùn rẹ̀. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mo ń padà sílé. Òkìtì yẹn nìkan ni mo máa ń lọ dúró lé, nítorí ọwọ́ yín ló mọ ọ́n. Tí ìyẹn bá lọ, kí ló kù fún mi? Yèyé tó bí mi náà sì ń bà mí lẹ́rù. Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa ń jókòó sí, á kọjú síbẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀. Mo rò pé ó ń bá yín ṣọ́ òkìtì yín ni. Mi ò bi í.

Mo gbà. Kì í ṣe ìgboyà, agara ló dá mi. Mo gbà bí ẹni tí wọ́n bi pé ṣé kí wọ́n bu ọbẹ̀ kún oúnjẹ rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé la ṣe é. Èmi ni mo kọ́kọ́ fi ọkọ́ lélẹ̀, ọkọ́ sì ta padà. Háà, ẹ mọ ọ́n le o! Gbogbo èèyàn ń fi mí rẹ́rìn-ín pé Dádòdúró ò gbà láti ọ̀run. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò kọjá eyín mi.

Nígbà tí òjò ńlá wá rọ̀, omi gba ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a là wọlé. Kò sáré. Ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ láàárín koríko, ó ń tàn ká jẹ́jẹ́. Àwọn èèyàn ń pariwo ayọ̀. Èmi ń wá Yèyé kiri, torí mo rò pé á ti máa sunkún.

Yèyé ti ká ìró rẹ̀ sókè, ó ti wà nínú omi. Ó ń gún igi mọ́lẹ̀ létí ibi tí omi dé, ó ń sàmì sí ibi tí tẹ̀tẹ̀ máa wà, ibi tí ata máa wà, ibi tí ilá máa wà tí omi bá fà. Kò wá ọ̀nà. Ó lọ síbẹ̀ tààrà bí ẹni tó ń wọ yàrá rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé òun ló ni àkùrọ̀ yẹn kí ẹ tó mọ òkìtì. Ibẹ̀ ló ti ń ká ẹ̀fọ́ ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń gbé lọ sọ́jà Ìdòfin. Ẹ gba iṣu yín sílẹ̀, oko rẹ̀ kú, kò sì bá yín jà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Oko rẹ̀ ló ń wò láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kì í ṣe òkìtì yín.

Ṣé ẹ bi í kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ̀?

Inú bí mi sí yín, Bàámi. Mo dúró sínú omi yẹn, mo ń bá yín jà nínú ọkàn mi, mo sì dákẹ́ kí ẹ lè dá mi lóhùn, bí ẹ ṣe máa ń dá mi lóhùn tí mo bá ṣe agídí. Mo dúró títí. Ẹ ò dáhùn.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ ti kú. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbà mí.

Èmi ni,
ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ bí, tó ń bínú sí yín, tó sì fẹ́ràn yín gidigidi.