Wọ́n Ní N Kò Gbọdọ̀ Pa Baba Lẹ́rìn-ín Mọ́

Màmá àgbà,

Ẹ kú ilé. Láti Ìbàdàn ni èmi Awwal ti ń kí yín. Limota, kà á fún wọn bó ṣe wà, má fi tìẹ kún un.

Ara Baba le bí òkè Ọ̀kà. Dókítà ní bí ọkàn bá ń jìyà, nǹkan kan máa ń jò láti ara rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, òun ni wọ́n fi ń mọ bí ewu ṣe pọ̀ tó. Wọ́n gbẹ̀jẹ̀ Baba láàárọ̀ àná, wọ́n tún wá gbà á lọ́sàn-án. Baba ní, "Ṣé ẹ ti ta tàárọ̀ ni?" Wọ́n ní nǹkan ọ̀hún ti gòkè ju tàárọ̀ lọ. Baba ní, "Alhamdulillah." Ni wọ́n bá gbé bẹ́ẹ̀dì wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì. Àpọ́nlé ni.

Mo sín dókítà jẹ, Baba rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ wọn láyà fi ń ké. Nọ́ọ̀sì ní n kò gbọdọ̀ pa wọ́n lẹ́rìn-ín mọ́.

Baba ò fẹ́ lo oògùn, àfìgbà tí mo fi ohùn yín pè wọ́n bí ẹ ṣe máa ń pè wọ́n, pé, "Alfa, ṣé kí n wá bá yín níbẹ̀ ni?" Kíá ni wọ́n gbé e mì. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí wọ́n kọ oògùn, wọ́n ní ohùn mi ò jọ tiyín tó.

Ẹ bá mi kí àwọn ewúrẹ́. Kò sí nǹkan kan o, ẹ kàn wọkọ̀ lónìí, kí ẹ gbé ohùn yín wá.

Awwal yín.