Ogún Ilé Ìdáná Dowa àti Àwọn Pìríìsì Tí Octave Tú

Èmi, Rolande Ìyádùnní Sántọ́sì, opó, olóúnjẹ ní àdúgbò Dowa ní Porto-Novo, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Ọpọlọ mi pé, ojú mi ríran, inú sì ń bí mi. Dókítà jẹ́rìí sí méjì àkọ́kọ́. Ìkẹta kò nílò ẹlẹ́rìí. Ìwé ìhágún yòówù tí mo bá ti kọ ṣáájú èyí, mo fagi lé e. Augustin, àbúrò mi, ni alámòójútó ogún mi, nítorí pé kì í bẹ̀rù ariwo.

1. Ilé tí mo ń gbé, pẹ̀lú àwọn pẹ́pẹ́yẹ inú àgbàlá, di ti Armel, àbíkẹ́yìn mi. Kó má ta ilé náà. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ, bó bá ṣe wù ú.

2. Ilé ìdáná tí mo ti ń se oúnjẹ ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú fún ìlú yìí, pẹ̀lú frígò tí ń mú oúnjẹ tutù, ààrò oníná àti ẹ̀rọ tí ń po ìyẹ̀fun, di ti Grâce, ọmọ olóògbé Virginie àbúrò mi. Octave, àkọ́bí mi, kò ní ìpín níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má béèrè pé kí ló dé. Èmi fúnra mi ni mo yan pìríìsì ibẹ̀, ihò iná tí a ń ki okùn ẹ̀rọ sí. Mo dé Cotonou kí n tó rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn: onídèérí tí omi kì í wọ̀, tó ní irin tí ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Nígbà tí mo lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, Octave tí mo fi ibẹ̀ sí ìkáwọ́ rẹ̀ tú wọn, ó kó wọn lọ sí ilé tó ń kọ́ ní Sèmè-Kpodji. Yẹpẹrẹ tí à ń lò ní yàrá ló fi dípò wọn, ọ̀kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọkòkò gan-an, òun ni frígò fi ń gba iná. Grâce fọ ìkòkò tán, ó di frígò mú, iná sì di òun náà mú. Ó yè é. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di ọ̀bẹ mú mọ́.

Octave dúró lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó ní: "Ọwọ́ ẹ ló lómi." Ta ni ọwọ́ rẹ̀ ń gbẹ nínú ilé ìdáná? Mo lọ sí Sèmè. Mo rí pìríìsì onídèérí mi lẹ́yìn tẹlifísọ̀n rẹ̀. Ṣé òjò ń rọ̀ níbẹ̀ ni?

3. Orógùn igi ńlá mi àti gbogbo ìkòkò di ti Flore tí ń bá wa ṣiṣẹ́. Òun ló fi orógùn náà gbá ọwọ́ Grâce kúrò lára frígò, nígbà tí àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ń pariwo Jésù.

4. Kí Augustin tó fi kọ́kọ́rọ́ lé Grâce lọ́wọ́, kó pe Assani oníṣẹ́ iná. Kí gbogbo pìríìsì jẹ́ onídèérí, kí wọ́n ga ju tábìlì lọ, kí wọ́n jìnnà sí omi. Kí frígò, ààrò àti ẹ̀rọ ìyẹ̀fun ní ọ̀nà iná tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí dísíjọ̀ntọ̀ tí ń já iná fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Okùn iná olórí mẹ́ta kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá mú un wọlé, kí Grâce lé e jáde, ì báà ṣe bíṣọ́ọ̀bù.

5. Amòfin sọ fún mi pé òfin kò gbà kí n fi ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ òfin. Ilẹ̀ mi ní Adjarra, ti Octave ni. Ohun kan ni mo fi kún un: kó lọ bá Grâce nílé, kó dọ̀bálẹ̀, kó tọrọ àforíjì, kó má sì fi "ṣùgbọ́n" kankan kún un. Èmi ni mo bí i. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn yóò wá sí i lẹ́nu. Bó bá sọ ọ́, kó dìde, kó máa lọ sílé, kó tún padà wá lọ́jọ́ kejì. Mo ti bẹ Grâce kó má ti ilẹ̀kùn.

Mo fọwọ́ sí i ní Porto-Novo, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà, ọdún 2024.

Rolande Ìyádùnní Sántọ́sì

Àwọn ẹlẹ́rìí: Ràṣídì Làwànì, aládùúgbò, Mojísọ́lá Àjàní, olùkọ́.