Iyùn Tó Wà Lẹ́yìn Ilé

Bámiṣe ọmọ mi ní Kẹ́ńyà,

A kí ìwọ àti ìyàwó rẹ. Orúnkún bàbá rẹ ti fúyẹ́, kòkó sì ń so.

Inú mi ń dùn sí iyùn òkun tó o fi ránṣẹ́ pé ká gbé sórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì, kó o tó sọ lórí fóònù pé ohun ẹlẹ́mìí tí ẹja ń fi ṣelé ni, pé láàyè lo ṣẹ́ ẹ lábẹ́ omi, pé ìdákọ̀ró ọkọ̀ tẹ́ ẹ fi ń gbé àlejò lọ wo òkun ló wó ìyókù.

Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn? Ṣebí ọ̀bẹ ni mo ní kó o máa fi gé kòkó, kó o má fà á ya, torí ibi tó bá ya lára igi kì í so mọ́? Ẹ yéé fi irin wólé ẹja!

Olúwa á ṣọ́ ọ lórí omi. Wá gbé iyùn rẹ lẹ́yìn ilé. O kúkú mọ̀ pé a kì í gbé òkú wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ìyá rẹ, Odigbo.