Lọ́yà Tí Ìlú Gbà fún Mi

Màámi,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti Manchester. Ara mi le. Mo kàn rù díẹ̀ ni.

Ẹ ò gbóhùn mi nígbà ààwẹ̀ torí pé físà mi ló kọjá àkókò, wọ́n bá tì mí mọ́lé pẹ̀lú àwọn tí wọ́n fẹ́ dá padà sílé. Ibẹ̀ ò burú, wọ́n ń fún wa ní tíì. Apá wa ò ká lọ́yà, àmọ́ Lubabah ìyàwó mi gbọ́ ní mọ́ṣáláṣí pé kánsù ń gba lọ́yà fún ará ìlú tó bá wà nírú ọ̀ràn yìí. Ó lọ bá wọn, wọ́n sì rán Fọláyọ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, sí mi.

Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi."

Ó gbẹnu sọ fún mi níwájú adájọ́ bí àbúrò mi gan-an. Adájọ́ ní kí n máa bá ìdílé mi gbé. Màámi, mo sunkún níbẹ̀.

Mo ti wà nílé báyìí. Tí mo bá wọ balùwẹ̀, Hanifah ọmọ mi á dúró sẹ́nu ọ̀nà títí màá fi jáde. Ó máa fi í sílẹ̀ tó bá yá.

Lubabah kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Bùnyámínù yín