Ohun Tí Mo Ṣe Lẹ́nu Géètì Pápákọ̀ Òfuurufú

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú ìtọ́jú ọmọ. Ṣé ara ọkọ rẹ le? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa? Ẹ̀mí wa ń bẹ níhìn-ín, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ pé gbogbo rẹ̀ dára. Mo mọ̀ pé àbúrò rẹ ti ta ọ́ lólobó. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tí mo ṣe é.

O mọ bí ariwo bàálù ṣe rí nígbà tí o wà nílé. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ la ń gbọ́ báyìí, látìgbà tí wọ́n ti la ọ̀nà kejì tí bàálù ń bà sí. Orí òrùlé wa gan-an ni wọ́n ń gbà kọjá. Ògiri yàrá rẹ ti sán láti òkè dé ilẹ̀. Ìhanrun bàbá rẹ tí mo ti ń bá jà láti ọjọ́ ìgbéyàwó, n kò gbọ́ ọ mọ́! A tún máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà tí dókítà sọ pé etí rẹ̀ ọ̀tún ti di pátápátá ni ẹ̀rín tán lẹ́nu wa.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àdúgbò kọ̀wé sí ọ̀gá pápákọ̀, kò fèsì. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, a kó ara wa jọ, ó di ẹnu géètì wọn. Olùkọ́ tó ń gbé ìsàlẹ̀ òpópónà wa ló ṣáájú pẹ̀lú ìwé ẹ̀hónú. A gbé pátákó tí a kọ nǹkan sí. Bàbá rẹ ló kàn wọ́n mọ́ igi ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ tò síwájú géètì tàwọn ti kóńdó. Ọ̀gá wọn ní a ò gbọdọ̀ kọjá ìlà funfun kan tó wà nílẹ̀. A dúró. Bàálù kan sì dé, ó rẹlẹ̀ débi pé mo rí táyà rẹ̀. Ọ̀gá náà tún ń sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ là ń rí, a ò gbọ́ ohùn. Bàbá rẹ sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ kan etí, pé kí ló wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọjá ìlà.

Ẹ̀ṣọ́ kan tó ga bí òpó iná ló kọ́kọ́ lù ú. Kóńdó bà á léjìká, ó wó sórí eékún. Ó gbé ọwọ́ bo orí, ẹ̀ṣọ́ náà sì ń fọ́ ọwọ́ ọ̀hún, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbọ́ bí eegun ṣe kán. Olùkọ́ ní kí òun fà á sẹ́yìn, wọ́n gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ méjì bọ́ sórí ìwé tó mú dání. Ni òkò bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti ẹ̀yìn wa. Wọ́n tú ajá sílẹ̀. Ọ̀kan gbá obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní itan mú, ó ń fà á bí àkísà.

Ọmọ mi, ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Mo fa pátákó tèmi ya, ó ku igi lọ́wọ́ mi. Ìṣó wà lórí rẹ̀, mo sì rí i. Ẹ̀ṣọ́ yẹn tún ti gbé kóńdó sókè. Mo ní, "Ìwọ, wojú mi!" Ó yíjú, mo là á mọ́ ọn lójú. Ó ké, "Ìyá mi o!" ó sì ṣubú lé bàbá rẹ. Mo tún nà án nígbà tó ti wà nílẹ̀. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, n kò ní àwíjàre.

Ọjọ́ méjì ni mo lò ní àgọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó gba béèlì mi. Ọwọ́ bàbá rẹ kán síbi mẹ́ta, dókítà ní kò ní lè di ayùn mú mọ́. Ojú òsì ẹ̀ṣọ́ náà ti fọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Wọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n tẹ́ àwọn méjèèjì sí, ibẹ̀ ni mo ti pàdé ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, kí lọmọ mi fi ṣe yín?" Mo ká aṣọ kúrò lórí ọwọ́ bàbá rẹ. Ó wò ó pẹ́. Ó fa àga, ó jókòó tì mí, àwa méjèèjì ń sunkún.

Àwọn aládùúgbò ń pè mí ní akọni. Mo ní kí wọ́n yéé pè mí bẹ́ẹ̀. Lọ́yà ní kí n sọ ní kóòtù pé n kò rí ìṣó. N ó sọ pé mo rí i. N ó sì sọ ohun tí wọ́n fi ojú àti etí wa rí pẹ̀lú. Má ṣe wá bẹ adájọ́. Wá ran bàbá rẹ lọ́wọ́, kò lè dá bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ dè.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí inú bí ọ kọjá ibi tí o ti lè padà. Àwọn ọmọ rẹ yóò sin ọ́, ilé rẹ yóò tòrò.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ,
Aránṣọ.

Àfikún: Ìyá ẹ̀ṣọ́ náà ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí. Ó ní òun yóò wá sí kóòtù, ṣùgbọ́n òun kò tíì mọ ẹ̀gbẹ́ tí òun máa jókòó sí.