Ọ̀rọ̀ Tí Pọ́ọ̀lù Lò Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo

Màámi,

Mo kí yín o. Ara mi le. Mo ti rù díẹ̀, àwọn ṣòkòtò mi sì ń dúpẹ́. Ìró yín tí ẹ tì bọ àpótí mi ti di aṣọ ìbora mi. Ẹ ṣeun, torí ẹ̀rọ amúlégbóná yàrá mi ń sinmi.

Ní kíláàsì lánàá, a kan ọ̀rọ̀-ìṣe Gíríìkì kan, homeiromai, tí Pọ́ọ̀lù inú Bíbélì lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó túmọ̀ sí kí ọkàn èèyàn máa fà sí ẹni tó fẹ́ràn. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kẹ́ ọmọ ọwọ́. Olùkọ́ wa, ìyá àgbà kan tí ojú rẹ̀ le, ní kí kálukú sọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn.

Mo ní, "Nílé tiwa, 'Ṣé o ti jẹun?' ni."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kàn ń wò mí.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti jẹun?"

"Ẹ jẹ́ ká máa bá Pọ́ọ̀lù lọ, Mà."

Lẹ́yìn kíláàsì, ó mú mi lọ sílé rẹ̀, ó bu oúnjẹ fún mi, ó tún bu òmíràn, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ní kí n má pẹ́ lọ́la.

Màámi, ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí, tí mò ń fi ọ̀rọ̀ òjò dá yín lóhùn. Mo ti jẹun.

Ẹ bá mi kí Bàámi, àti àbúrò mi tó gba bẹ́ẹ̀dì mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó yó.