Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Mi

Ọjọ́ Ajé, 18 Ṣẹ́rẹ́ 2021
Látìgbà tí àrùn yìí ti lé wa kúrò ní yunifásítì, ojú kọ̀ǹpútà di kíláàsì. Màmá, nọ́ọ̀sì ni, ọsibítù ló ń sùn kó má baà kó o wálé. Èmi àti bàbá àgbà mi, Lozan, ló kù lábúlé. Yàrá kan ṣoṣo ni sítóòfù ń mú gbóná. Ibẹ̀ nìkan náà ni íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé.
Ó já lónìí. Nígbà tí mo padà wọlé, Abẹ́rẹ́ — Dókítà Kalchev, olùkọ́ ìṣirò wa, tí ẹnu rẹ̀ ń gún ni — bi mí bóyá ewúrẹ́ ni mo gùn wá. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn.

Ọjọ́rú, 20 Ṣẹ́rẹ́
Mo kórìíra rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Ṣẹ́rẹ́
Ìdánwò ẹnu. Mo dáhùn ìbéèrè méjì, kò sí àṣìṣe. Ni Abẹ́rẹ́ bá ní, "Nevena, ta ni bàbá tó wà lẹ́yìn ẹ yẹn?"
Mo ní bàbá àgbà mi ni, etí rẹ̀ ti di pátápátá. Ogójì ọdún nídìí ẹ́ńjìnnì rélùwéè.
"Ẹnu ẹ̀ ń mì. Ìdáhùn ló ń sọ fún ẹ."
Hóró elégédé ló ń jẹ! Ó ní kí n lé e síta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á kọ máàkì méjì nínú mẹ́fà fún mi. Méjì — ọdún kan gbáko ni màá tún. Níta, omi kànga ti di yìnyín. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tí àìsàn àyà ń bá jà.
Mo ní, "N ò lé e, sà."
Ó kọ méjì. Bàbá na hóró elégédé sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò mọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú, 24 Ṣẹ́rẹ́
Mo kọ̀wé ẹ̀hónú sí ọ̀gá ẹ̀ka wa. Kò sẹ́ni tó pè mí nínú kíláàsì. Ojo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Èrèlè
Èsì dé. Màá tún ìdánwò náà ṣe lọ́jọ́ Ẹtì, olùkọ́ míì á máa wò wá. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni kó wà nínú yàrá. Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ nìyẹn. Màmá bínú lórí fóònù, lẹ́yìn náà ó sunkún. Ó ní ká kọ ọ́ sí ìwé fún Bàbá. Mo kọ̀. Kúbùsù ni màá ta síwájú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kí kámẹ́rà má baà rí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Èrèlè
Mo ta kúbùsù. Mo fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn dí etí mi, n ò gbọ́ ohun tó ń lọ nínú yàrá mọ́, mo wọlé sí ìdánwò.
Abẹ́rẹ́ ní, "Gbé kúbùsù yẹn."
Mo gbé e. Bẹ́ẹ̀dì ṣófo.
Bí mo ṣe dáhùn, n ò mọ̀. Wọ́n kọ mẹ́fà fún mi. Mẹ́fà lòkè pátápátá.
Ilé igi ìdáná níta ni mo ti rí Bàbá, ó jókòó lórí ìtì igi, òtútù ti sọ ètè rẹ̀ di dúdú. Ó gbé fóònù rẹ̀ sókè: Màmá ló ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i.
"Ṣé o yege?"
Mo na ìka mẹ́fà. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò lè gbé ọwọ́ mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Èrèlè
Lẹ́tà Abẹ́rẹ́ dé láàárọ̀ yìí. Ó kí mi kú oríire. Ó ní òun mọ̀ pé mo lè ṣe é, bí n bá ti dá wà.
Bàbá ò jẹun. Èémí rẹ̀ ń dún bí igi tútù nínú iná. Màmá ti wà lọ́nà.